Ohùn Tí Bàbá Mi Fi Sínú Fáìlì

Tẹlifíṣọ̀n tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ géèmù ní Ọ̀fà kò lè sọ̀rọ̀. Àwòrán rẹ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé tẹlifíṣọ̀n jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í dí ará ilé lọ́wọ́, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo irú ọmọ tí àwọn òbí mi rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti parí ní pólì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ débi pé gbogbo ará póòsìtì-ọ́fíìsì ló mọ ìkọ̀wé mi. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn, mo ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù kan àti tẹlifíṣọ̀n odi yìí, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí yàrá iwájú ilé wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù á sanwó, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á gba páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìgbà tó bá kú nínú géèmù kí ẹlòmíràn tó bọ́ síbẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Akọ̀wé fáìlì ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó kó ìwà ọ́fíìsì wá sílé. Ilé wa ní fáìlì fún iná, fáìlì fún omi, fáìlì fún ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àti fáìlì kan tó nípọn fún ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó sọnù nígbà tí mo wà ní púráímárì. Ewúrẹ́ náà kò padà wá, ṣùgbọ́n bàbá mi kò tíì ti fáìlì rẹ̀ pa. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò tíì ṣẹlẹ̀. Kò ṣí fáìlì kankan fún ṣọ́ọ̀bù mi. Bí àlejò bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe báyìí, á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Ó ṣì ń wáṣẹ́." Èmi á sì máa gbọ́ ọ láti inú yàrá, ọ̀rọ̀ náà á máa dùn mí wọra. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ni kó sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé ọmọ òun níṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo gbé tẹlifíṣọ̀n náà lọ bá Alhaji kan tó ń tún rédíò ṣe, tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn.

"Sípíkà ti kú," ó ní. "Àfi ká máa retí òmíràn láti Ìlọrin."

"Ìgbà wo ló máa dé, Alhaji?"

"Ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni."

Mo mọ̀ nígbà náà pé ó máa pẹ́.

Ẹyọ géèmù kan ṣoṣo ni mo ní. Ọkùnrin kúkúrú kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń sáré, tó ń fo kòtò, tó ń já èso, títí tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ààfin kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn oníbàárà mi jókòó, wọ́n ṣe é, kò dùn. Ọkùnrin náà ń já sí kòtò láìké, bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì wa dìde, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹni yìí ṣubú, kò sì sọ nǹkan kan. Ṣé ara rẹ̀ le ṣá?" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ máa lọ. Ìpayà ló mú mi ya ẹnu. Bí ọkùnrin náà ṣe fò, mo ní, "Fíì-tó!" Bó ṣe já èso, mo ní, "Tín-ín!" Bó ṣe kó sí kòtò, mo ní, "Yéèèè-gbúù!" Nígbà tí télọ̀ náà sì dé ààfin lẹ́yìn ìyà púpọ̀, ohùn kan jáde lẹ́nu mi tí n kò mọ ibi tó ti wá. Ó ní:

"Kírí-kírí-kóòòò!"

Gbogbo yàrá hó yè. Télọ̀ náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ já páàdì gbà, ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ "Kírí-kírí-kóò" tòun.

Bí mo ṣe di ohùn géèmù nìyẹn. Láti aago méjì ọ̀sán tí ilé ìwé bá ti jáde títí di ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ń fò, mo ń já èso, mo ń kó sí kòtò. Mo ń jẹ orógbó kí ọ̀fun mi má baà dí. Àwọn kan wá láti ẹ̀yìn ọjà, wọn kò ṣe géèmù, wọ́n kàn dúró lójú wíńdò láti gbọ́ mi. Tíṣà kan wà tó máa ń wá, tó ní òun wá wò ó bóyá àwọn ọmọ kíláàsì òun wà níbẹ̀. Bó bá ti rí i pé wọn kò sí níbẹ̀, á jókòó, á gba páàdì. Orí mi wú. Mo gbà pé n kò ní jogún nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohùn yìí, tèmi ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú, adìyẹ ni. Màmá mi ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Bí oníbàárà kan bá ti borí, tí mo sì ké, láìpẹ́ adìyẹ mẹ́ta mẹ́rin á ti wọlé, wọ́n á dúró láàárín yàrá, wọ́n á máa yí ọrùn wò wá. Mo rò pé iná tẹlifíṣọ̀n ló ń fà wọ́n. Mo fi pákó dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fò ó kọjá. Ọ̀kan bà lé fìlà tíṣà yẹn nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ààfin, tíṣà bá kó sí kòtò, ó ní adìyẹ ilé wa kò fẹ́ ìlọsíwájú òun.

Láàárín àkókò kan náà, màmá mi ń ráhùn. Ó ní adìyẹ òun kò gbọ́ràn mọ́, pé bí òun bá pè wọ́n nírọ̀lẹ́, ìdajì wọn kì í wálé, pé àgbébọ̀ òun kan ti sùn síta, òun kò sì rí i mọ́. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì," mo sì padà sídìí géèmù mi. Èmi tí mo níṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, kí ló kàn mí kan adìyẹ?

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí ilé kẹta sí tiwa. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni, ó ń kàwé ní pólì, ó sanra, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ tóbi, ó tuntun, ó sì ń sọ̀rọ̀ ketekete. Mo ní ó ti parí fún mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní géèmù tirẹ̀ ń ké "pí-pí-pí" bí aago tó bàjẹ́, wọ́n ní ohùn kò sí nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín dé etí.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó, yàrá dákẹ́, mo sì gbọ́ ohùn mi láti ilé kẹta.

"Kírí-kírí-kóòòò!"

Mo fọwọ́ kan ẹnu mi. Ẹnu mi wà ní pípadé. Mo jáde, mo yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti yí ohùn tẹlifíṣọ̀n tuntun náà wálẹ̀ pátápátá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń jókòó, ó ń fi ẹnu ké. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní sípíkà, ó pa sípíkà, ó wá jí ẹnu mi lò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o," ó ní.

"Ohùn mi lò ń lò yẹn."

"Ohùn wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Kírí-kírí-kóòò!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ohùn kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ fi òpó ààlà rẹ̀ hàn mí, kí n má ṣe kọjá rẹ̀ mọ́."

Inú bí mi gidigidi. Ẹnì kan ti kígbe láti òpópónà pé kí àwa méjèèjì wọ̀yá ìjà, pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo wo apá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo wo apá tèmi, mo sì sọ fún wọn pé alákọ̀wé ni mí, òfin ni mo máa bá lọ.

Mo wọlé, mo ń fọ́nnu. "Ṣé ilẹ̀ tí àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé ń bá wa fà kò tó wọn ni? Ohùn náà ni wọ́n tún fẹ́ gbà? Ohùn Ọ̀fà pọ́ńbélé!" Màmá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ṣa òkúta kan jáde, ó sọ ọ́ nù. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí: Ẹ̀rìn-Ilé ni wọ́n bí màmá mi sí. Gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé a kì í rántí mọ́, a sì ti bú àwọn èèyàn rẹ̀ lójú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Bàbá mi ló dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu. Ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, ó wúkọ́, ó ní, "Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ohùn yìí ní oní-nǹkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Èmi ni."

"Àwọn tó ṣe géèmù náà lókè òkun ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohùn tiwọn lo mú?"

"N kò gbọ́ ohùn tiwọn rí lórí tẹlifíṣọ̀n wa, sà. Báwo ni mo ṣe máa jí i?"

Ó mi orí. Ó ní òun ti kà á rí pé àwọn òyìnbó ń forúkọ ohùn sílẹ̀, pé ilé iṣẹ́ tó bá ní ohùn kan lè mú un lọ síwájú ìjọba, kí ẹlòmíràn má lè fi tajà mọ́, ì báà jẹ́ ohùn géèmù. "Ohun tí a bá lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀," ó ní, "iṣẹ́ ni." Ó wọ yàrá, ó sì gbé fáìlì tuntun jáde. Ó kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. N kò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi nítorí páálí.

Bàbá mi ní ohùn kò ṣeé fi sínú fáìlì láìsí ẹ̀rí. A yá rẹ́kọ́dà lọ́wọ́ Alhaji, a ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan, a jókòó sí yàrá iwájú nírọ̀lẹ́ tí àwọn oníbàárà ti lọ. Bàbá mi tẹ bọ́tìnnì. Ó wúkọ́. Ó fi ohùn ọ́fíìsì sọ ọjọ́, aago, àti orúkọ mi ní kíkún. Ó ní, "Ẹ̀rí kìíní." Mo ní, "Fíì-tó!" Ó ní, "Ẹ̀rí kejì." Mo ní, "Tín-ín!" Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí dé "Kírí-kírí-kóò," tí mo ké lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà sí àríyànjiyàn. Ó ní, "Ó parí." Ó tún wúkọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa rẹ́kọ́dà kiri pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́. Ó pẹ́ kó tó rí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú àpòòwé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, ó fọwọ́ sí ojú ibi tó lẹ̀. Mo ní kí a gbọ́ ọ wò. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé n kò kàwé. "Ẹ̀rí tí a bá ti lẹ̀ pa, a kì í tú u."

Lọ́jọ́ kejì a wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ọ́fíìsì tí bàbá mi mú mi dé, n kò mọ̀ títí di òní bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi mọ ọ̀gbẹ́ni kan níbẹ̀, ìyẹn sì tó. Ọ̀gbẹ́ni náà yẹ fọ́ọ̀mù wò síwá sẹ́yìn.

"Bàbá, àyè orúkọ wà níbí, àyè àwòrán wà níbí. Kò sí àyè ohùn."

"Ẹ fi kún un," ni bàbá mi wí.

"N kò lè fi kún fọ́ọ̀mù ìjọba, sà. Ẹ yà á."

"Kí n ya ohùn?"

"Bó bá ṣe rí lẹ ṣe máa yà á."

Bàbá mi gba bírò, ó ya orí ènìyàn kan tó la ẹnu, ó fa ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta jáde láti ẹnu náà. Ọ̀gbẹ́ni náà ní èébì ló jọ. Ó ní kí èmi fúnra mi ké e kí òun lè mọ̀ bóyá ó bá àwòrán mu. Mo dìde láàárín ọ́fíìsì, mo ké "Kírí-kírí-kóòòò!" Obìnrin kan tó ń tẹ ìwé da omi sórí tàìpù rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kò bá wa jiyàn mọ́. Ó lu sítáǹbù mọ́ àpòòwé wa, ó ní ká máa gbé e lọ sílé. Ohun tó wà lára sítáǹbù náà kò ju pé wọ́n ti rí i lọ. Bàbá mi, tó ti lu irú sítáǹbù bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n rí, ló wá di èyí mú bí ìwé àṣẹ ọba. Ó ní, "Ìjọba ti rí i. Ó tán."

Bí a ṣe délé, ó kọ pátákó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi: OHÙN YÌÍ WÀ NÍNÚ FÁÌLÌ. ẸNI TÓ BÁ FI ẸNU KÀN ÁN Á RÍ ÌJỌBA. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ Ẹ̀rìn náà ti kọ tirẹ̀: OHÙN TIWA KÒ SÍ NÍNÚ FÁÌLÌ. ẸNU LÓ WÀ. Àwọn ènìyàn ń wá ka méjèèjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Alhaji ló ní kí ọ̀rọ̀ má dìjà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti sọ pé abẹ́ wọn ni àwa onígéèmù wà, nítorí pé gbogbo ohun tó bá ní wáyà, tiwọn ni. Ó pe ìpàdé sí fàráńdà ilé wa lọ́sàn-án Sátidé. Ó jókòó láàárín, rẹ́kọ́dà rẹ̀ wà lórí àpótí níwájú rẹ̀. Bàbá mi jókòó lápá ọ̀tún pẹ̀lú fáìlì lórí itan. Ọmọ Ẹ̀rìn dúró lápá òsì. Télọ̀, tíṣà àti gbogbo oníbàárà ṣọ́ọ̀bù méjèèjì kún àgbàlá. Màmá mi gbé omi tútù wá fún Alhaji, ó sì dúró ti òpó.

Mo rojọ́. Mo sọ̀rọ̀ bí lọ́yà. Mo ní kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn yìí rí kó tó jáde lẹ́nu mi, pé láti inú ọpọlọ mi ló ti wá, pé ọmọ Ọ̀fà ló dá a. Bàbá mi wúkọ́, ó ya àpòòwé náà, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì lé Alhaji lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun kalẹ̀.

A gbọ́ ikọ́ bàbá mi. A gbọ́ ọjọ́, aago, orúkọ mi. A gbọ́ fíì-tó, a gbọ́ tín-ín, gbogbo ènìyàn ń mi orí. A gbọ́ Kírí-kírí-kóò lẹ́ẹ̀mẹta. A gbọ́ "Ó parí," a tún gbọ́ ikọ́. Mo na ọwọ́ láti pa á. Alhaji ní, "Jẹ́ kó lọ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá orí rẹ́kọ́dà mi mọ́."

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, ó ń ṣe ṣíì. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti ọ̀nà jíjìn, láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn obìnrin. Ó mọ́ ju tèmi lọ, ó dùn ju tèmi lọ, kò kánjú.

"Kírí-kírí-kóòòò! Kírí-kírí-kóòòò!"

Ìró àgbàdo nínú igbá tẹ̀lé e, ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, adìyẹ dé. Wọn kò wá ní mẹ́ta mẹ́rin lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wọn ló sáré yí igun ilé wá, àkùkọ níwájú, àwọn òròmọdìẹ lẹ́yìn. Wọ́n gba abẹ́ ẹsẹ̀ télọ̀ kọjá, wọ́n gun fàráńdà, wọ́n tẹ fáìlì bàbá mi mọ́lẹ̀, wọ́n sì tò yí rẹ́kọ́dà Alhaji ká, wọ́n ń wojú rẹ̀, wọ́n ń retí oúnjẹ.

 Ẹlẹ́rìí tí èmi fúnra mi gbé wá, òun ló jẹ́rìí takò mí, ó tún kó ìdílé rẹ̀ wá.

Ọmọ Ẹ̀rìn ló kọ́kọ́ lanu. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Bí ìyá àgbà mi ṣe ń pe adìyẹ nìyẹn," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ló gbọ́ ọ níbì kan. Èmi, nílé ni mo ti gbọ́ ọ." Ó yíjú sí màmá mi, ó dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọmọ Ẹ̀rìn ni yín?"

Màmá mi bi í ní agboolé rẹ̀. Ó sọ ọ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ní agboolé tiwọn kò ju ògiri kan lọ sí i.

"Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pe adìyẹ tirẹ̀," ó sọ fún Alhaji. "Kí adìyẹ tiwa má baà lọ jẹ àgbàdo àwọn ẹlòmíràn. Ìyá mi ló kọ́ mi ní tiwa. Ẹrù mi kò pọ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yìí. Àpótí kan, àgbébọ̀ méjì, àti bí a ṣe ń pè wọ́n."

Mo ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"O kò bi mí. O ní ohùn Ọ̀fà pọ́ńbélé ni."

Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Ojú tì mí, kì í ṣe ìtìjú ẹni tó pàdánù ẹjọ́. Mo ti gbọ́ ohùn obìnrin yìí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé mi, n kò sì gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó o ròde, mo wá ń bá ará ìta jà pé ó jí i.

Bàbá mi ti gbé fáìlì rẹ̀ kúrò lábẹ́ adìyẹ. Ó gbọn ìgbẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ó wúkọ́, ó fi bírò fa ìlà sórí orúkọ mi.  Ó kọ orúkọ màmá mi síbẹ̀, ó sì na bírò sí i. "Fọwọ́ sí i."

"N kò fọwọ́ sí nǹkan kan," ni màmá mi wí. "Ẹ máa lò ó, ẹ̀yin méjèèjì. Pé ẹ mú un kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ń pe adìyẹ mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ kò fún wọn ní ẹyọ àgbàdo kan. Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi wálé mọ́ bí mo bá pè wọ́n. A kì í pe adìyẹ lásán."

Alhaji gbá itan rẹ̀. Ó ní ẹjọ́ ti parí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ké Kírí-kírí-kóò nínú ṣọ́ọ̀bù méjèèjì gbọ́dọ̀ bu àgbàdo ẹ̀kún ọwọ́ sílẹ̀ fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ la sì ṣe é. Igbá àgbàdo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n mi, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Oníbàárà tó bá borí ló máa ń dà á fúnra rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju géèmù lọ. Àwọn adìyẹ náà sanra débi pé wọn kò lè fo pákó ẹnu ọ̀nà mọ́, àfi ká gbé e kúrò fún wọn. Ọ̀kan yé ẹyin sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti móoru. Nígbà tí sípíkà dé láti Ìlọrin nígbẹ̀yìn, tí Alhaji fi í sí i, a gbọ́ ohùn géèmù náà gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́. Télọ̀ fetí sí i fún ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Ní ti bàbá mi, àlejò kan wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe báyìí. Mo na etí láti inú yàrá. Bàbá mi wúkọ́. Ó ní, "Ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́." Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba rí mi nígbà tó yá, mo kúrò ní Ọ̀fà, ṣọ́ọ̀bù kógbá sílé. Màmá mi kú kí àwọn ọdún 1990 tó parí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà lọ wo bàbá mi. Mo bá a lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́, ó jókòó lórí àpótí, rẹ́kọ́dà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, igbá àgbàdo wà lórí itan níbi tí fáìlì máa ń wà. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe adìyẹ, òun kò kọ́ ọ rí. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń lò. Nírọ̀lẹ́ gbogbo, ó ní láti jókòó gbọ́ fíì-tó mi, tín-ín mi, yéè-gbúù mi, "Ó parí" tirẹ̀ àti ikọ́ rẹ̀, kó tó kan màmá mi.

Lọ́jọ́ tí mo dé yẹn, bátìrì ti tán. Ó tẹ bọ́tìnnì títí, rẹ́kọ́dà kò dún. Mo fẹ́ ṣí ẹnu mi bá a ké e, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó yíjú sí mi láti sọ̀rọ̀, bó sì ṣe máa ń ṣe, ó kọ́kọ́ wúkọ́.

Àwọn adìyẹ sáré yí igun ilé wá, gbogbo wọn, wọ́n tò síwájú rẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó gbọ́ ohùn màmá mi, wọn kò sì dúró de ìyókù mọ́.

Bàbá mi wò wọ́n, ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo ní, "Dádì, ẹ kò tíì pè wọ́n."

"Wọ́n ti wá," ó ní. "A kì í pè wọ́n lásán." Ó sì bu àgbàdo fún wọn.